Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: pípín OSPF sí area lórí swíìṣì mẹ́rin

OSPF ni ètò tí àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn; area ni ìpín kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Swíìṣì Cisco 3560 mẹ́rin la fi ń ṣe é, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ tẹ show version. Èyí tó bá ní IP Services (ẹ̀yà sọ́fítíwia tó kún) ló gbọ́ OSPF dáadáa. Kí ó má tìtorí owó pọ́ọ́kú ra 2960. Static route (ọ̀nà tí a fi ọwọ́ kọ) ni agbára tirẹ̀ mọ.

SW1 àti SW2 wà nínú area 0 (àárín tí àwọn area yòókù so mọ́), lórí 10.0.0.0/30. SW3 wà lẹ́yìn SW1 nínú area 1, SW4 sì wà lẹ́yìn SW2 nínú area 2.

Ìpìlẹ̀: ó ti parí. A tẹ ip routing lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì tẹ no switchport sí ojú ihò (port) tó so wọ́n pọ̀ kó tó lè gba àdírẹ́ẹ̀sì. Ọwọ́ la fi kọ router-id (àmì ìdánimọ̀ swíìṣì nínú OSPF), 10.255.0.1 títí dé 10.255.0.4, torí swíìṣì méjì tí router-id wọn bá jọra kò ní bára wọn ṣe aládùúgbò. A fi auto-cost reference-bandwidth 10000 sí gbogbo wọn. Láìsí i, iye (cost, tó fi ń yan ọ̀nà) kan náà, 1, ni OSPF máa fún ìlà 100 Mbps àti ti 1 Gbps.

Area 1: ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà lórí SW1:

network 10.0.0.0 0.0.0.3 area 0
network 10.1.0.0 0.0.3.255 area 1
area 1 range 10.1.0.0 255.255.252.0
area 1 stub no-summary

Ìlà kẹta ló sọ ọ̀nà mẹ́rin tí SW2 ń rí (/30 kan, VLAN mẹ́ta, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kéékèèké inú swíìṣì) di ẹyọ kan. Àwọn kan máa ń kọ network 0.0.0.0 255.255.255.255 area 0 kí iṣẹ́ lè yá. Gbogbo ihò á bọ́ sínú area 0, SW3 tó wà ní area 1 kò sì ní gbà.

Ìlà kẹrin ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Stub ni area tí kì í gba ọ̀nà tó ti òde OSPF wá; no-summary sì ń dí ọ̀nà tó ti area mìíràn wá. SW1 nìkan ló nílò no-summary, ṣùgbọ́n SW3 náà gbọ́dọ̀ ní area 1 stub. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ní in tí èkejì kò ní in, àmì inú hello wọn (ìkíni tí wọ́n fi ń wá ara wọn) kò ní bára mu, show ip ospf neighbor á sì ṣófo bó tilẹ̀ jẹ́ pé ping ń lọ. Debug ip ospf adj ló máa tú u fó. Bó bá tò tán, O*IA 0.0.0.0/0 (default route, ọ̀nà fún ohun tí kò ní ọ̀nà tirẹ̀) nìkan ni OSPF máa fi sílẹ̀ lórí SW3.

Bí aládùúgbò bá hàn àmọ́ tó há sí EXSTART (ìpele tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ àkọsílẹ̀ ọ̀nà), MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí ihò gbà) ni kí ẹ wò: show system mtu ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ip ospf mtu-ignore á jẹ́ kó kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kàn bo egbò mọ́lẹ̀ ni. Ẹ mú nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba.

Area 2: ó kù. Static route sí 172.16.50.0/24 wà lórí SW4, stub kò sì gba irú rẹ̀ wọlé, nítorí náà area 2 nssa (irú stub tó gbà kí ọ̀nà òde wọlé láti inú rẹ̀) ni a máa lò lórí SW2 àti SW4. Redistribute static subnets ni kí ẹ kọ lórí SW4, kí OSPF lè pín static route náà. Bí subnets kò bá sí níbẹ̀, /24 yìí kò ní jáde. O N2 (ọ̀nà òde inú nssa) ló máa jẹ́ lórí SW2, O E2 (ọ̀nà òde lásán) lórí SW1. Nssa lásán kì í fún SW4 ní default route, àfi kí a fi default-information-originate kún un lórí SW2.