Ẹ Má Bi Wọ́n Bóyá Ó Jìnnà, Iye Àtẹ̀gùn Ni Kí Ẹ Bèèrè

Orúnkún Màámi ṣì wú bí mo ṣe ń kọ èyí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Itálì dé ni. Wọ́n na ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù nínú yàrá àlejò, wọ́n fi aṣọ di yìnyín mọ́ ọn, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè wọ́n láti Abẹ́òkúta pé àwọn kò tíì rin irú ìrìn-àjò tó dùn mọ́ àwọn nínú báyìí rí. Èmi tí mo bá wọn lọ ni ọkàn mi kò tíì wálẹ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú òyìnbó bíi tèmi ló ń retí kí ìyá tàbí bàbá yín wá lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ yín, tí ẹ sì ti ń wo ibi tí ẹ ó mú wọn lọ. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Vernazza ni a lọ. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú abúlé etíkun márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Cinque Terre, ní agbègbè Liguria. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Monterosso, Corniglia, Manarola àti Riomaggiore. Láti 1997 ni UNESCO ti kà wọ́n mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Rélùwéè ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn débẹ̀ láti La Spezia, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ àárín abúlé. Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òpópónà kan ló sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté kékeré tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́, létí omi níbẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀ṣì Santa Margherita d'Antiochia dúró sí lórí àpáta. Ìwé àtijọ́ ti dárúkọ rẹ̀ ní 1318, ilé agogo rẹ̀ ní igun mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ ibi pẹpẹ ni wọ́n sì ń gbà wọlé, èyí tó ya Màámi lẹ́nu púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ yìí ni gbogbo àlejò ń yà ní fọ́tò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé abúlé kọ̀ọ̀kan tún ní ṣọ́ọ̀ṣì ìrìn-àjò mímọ́ tirẹ̀ lórí òkè: Monterosso ní Soviore, Vernazza ní Reggio, Corniglia ní ti San Bernardino, Manarola ní ti Volastra, Riomaggiore sì ní Montenero.

Reggio ni ọ̀rọ̀ wa. Àgùdà pọ́nbélé ni Màámi, ìlẹ̀kẹ̀ rósárì kì í kúrò lára wọn. Ìyá kan tí wọ́n jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní London ló sọ fún wọn pé ní Reggio, àwòrán Màríà kan wà tí ojú rẹ̀ dúdú, tí àwọn ará abúlé fúnra wọn ń pè ní l'Africana, ìyẹn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ. Láti ìgbà náà, Màámi kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Mo ń ṣàlàyé èyí nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé kí ló dé tí mo fi ń mú obìnrin tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún gun òkè nínú oòrùn. Èmi kọ́ ni mo mú wọn gun òkè. Àwọn ni wọ́n mú mi gùn ún. Nígbà tí mo ní kí a kúkú jókòó sétí òkun, ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé, "Mo ti gun Òkè Olúmọ kí wọ́n tó bí ọ, ta ni ò ń fi òkè dẹ́rù bà?" Ẹni tó bá mọ Màámi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. A bèèrè o, a kò sì ṣìnà. Mo bi bàbá tó ni yàrá tí a wọ̀ sí bóyá Reggio jìnnà. Ó na ọwọ́ sí òkè, ó ní kò jìnnà rárá, ìrìn díẹ̀ ni, ìyá òun pàápàá máa ń lọ. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, òun náà yóò sọ fún yín pé kò jìnnà. Ohun tí fóònù kò sọ, tí bàbá náà kò sì ronú kàn, ni pé ṣọ́ọ̀ṣì náà fi nǹkan bíi 300 mítà ga ju òkun lọ, àti pé láti ẹ̀bá ibùdókọ̀ rélùwéè títí dé òkè, òkúta ni ẹ ó máa tẹ̀, òkúta tí wọ́n tò fún ẹsẹ̀ èèyàn àti ìbaaka láyé àtijọ́, tí ọ̀kan ga dé agbede-méjì ojúgun, tí èkejì rọra yọ, tí ẹ̀kẹta sì dagun. Bàbá náà kò purọ́. Ẹni tí wọ́n bí sórí àtẹ̀gùn kì í ka àtẹ̀gùn ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ ni a jáde, oòrùn sì ti ń mú. Màámi wọ kánfáàsì, wọ́n ró ìró àǹkárá wọn, wọ́n ta ìborùn sí èjìká. Lápá òsì àti lápá ọ̀tún wa, ọgbà àjàrà àti igi ólífì ni, tí ògiri òkúta tí kò ní sìmẹ́ǹtì gbé dúró ní ìpele-ìpele. Àjàrà irú ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ń sá gbẹ kí wọ́n tó fi ṣe ọtí dídùn wọn tí wọ́n ń pè ní Sciacchetrà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n kọ́ àwọn ibùdó Ọ̀nà Àgbélébùú sí, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ni Màámi sì ń dúró gbàdúrà. Ní ìsàlẹ̀, àdúrà náà kò gùn. Bí a ti ń gòkè, ó ń gùn sí i, mo sì wá fura pé wọ́n ti ń fi "Mo kí ọ Màríà" sinmi.

Kọ́nà kan wà lókè tí kò ní igi kankan. Ibẹ̀ ni Màámi ti gbé ẹsẹ̀ òsì lé òkúta gíga kan, tí òkúta náà yí díẹ̀, tí orúnkún wọn sì dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́. Wọn kò ké. Wọ́n kàn jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún náà mú, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá Yorùbá mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá ń ráhùn kọ́ ló yẹ kí àyà yín já. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ ni. Òógùn ti gbẹ lójú wọn, ètè wọn ti funfun. Omi tó kù nínú ìgò kò ju ẹnu méjì lọ, ó sì ti gbóná. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí òrùlé àwọn ilé, mo rí ilé agogo Santa Margherita, mo rí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wọ èbúté. Gbogbo rẹ̀ wà ní ìtòsí, ṣùgbọ́n orí òkúta kan náà tí a gùn wá ni a ó tún gbà padà, ẹni tí orúnkún bá sì ti dùn rí mọ̀ pé sísọ̀kalẹ̀ burú ju gígùn lọ. Mo wo òkè, igi bo ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rí i.

Mo yọ fóònù. Nẹ́tíwọọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Mo mọ̀ pé 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù, mo tilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Màámi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má pe ẹnikẹ́ni, pé wọn kò ní fi hẹlikọ́pítà wá gbé àwọn, kí wọ́n wá sọ àwọn di ìran wíwò ní ìlú onílùú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín." Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ tí o kò rí èémí mí yìí? Kí àwa méjèèjì lè jọ yí gbirigbiri wọ inú òkun?" Àwọn òyìnbó méjì tó mú ọ̀pá ìrìn lọ́wọ́ kọjá lẹ́bàá wa, wọ́n kí wa, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n rò pé a jókòó ń wo òkun ni. Mo ṣì ń rí ẹ̀rín yẹn. Bí wọ́n ti ń lọ, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi sínú, mo sì mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè tò ó tí yóò gbà á.

Ìyá àgbà kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ló yọ wá. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó fún Màámi ní omi tútù, ó fi ìborùn wọn di orúnkún náà gírígírí, ó di apá kan mú, mo di èkejì, díẹ̀díẹ̀ a dé òkè. Kí ni mo rí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n pa sábẹ́ igi! Ọ̀nà ọkọ̀ wà tó gba orí òkè wá sí Reggio, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa. Màámi rí Màríà wọn, wọ́n sunkún, wọ́n ka rósárì, ọmọ-ọmọ ìyá náà fi ọkọ̀ gbé wa sọ̀kalẹ̀. Dókítà ti wò ó ní London, eegun kò ṣẹ́, iṣan ló fà.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé irú abúlé òkè etíkun bẹ́ẹ̀, ẹ má bi ẹnikẹ́ni bóyá ibì kan jìnnà. "Kò jìnnà" ni wọn yóò sọ, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Àtẹ̀gùn mélòó ni? Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ bèèrè. Ọ̀nà ọkọ̀ ha wà? Èyí ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e, kódà bí ẹ bá ti kà á níbi gbogbo pé ọkọ̀ kì í wọ Cinque Terre, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ kì í wọ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ dé Soviore, ó dé Reggio, ó dé San Bernardino, bọ́ọ̀sì sì ń ti Manarola lọ sí Volastra. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ lọ láti Manarola sí Volastra yóò gun àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ní Corniglia, kí ẹ tó kúrò ní ibùdókọ̀ rélùwéè dé inú abúlé lásán, àtẹ̀gùn 382 ló wà níwájú yín, Lardarina ni wọ́n ń pè é, bọ́ọ̀sì kékeré kan sì wà tó lè gbé yín gòkè. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ni gbogbo rẹ̀?

Àwọn nǹkan mìíràn wà. Ẹ tètè jáde kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ẹ gbé omi ju èyí tí ẹ rò pé ẹ nílò lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wí fún mi pé n kò gbé omi, mo gbé e, òkè náà ló mu ún tán. Ẹ má wọ sílípáàsì gun òkè, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín, láti 50 yúrò lọ sókè. Ọ̀nà etíkun láti Monterosso sí Vernazza àti láti Vernazza sí Corniglia ni a ń san owó káàdì ìwọlé fún, ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì òkè kò gba owó. Tí òjò ńlá bá ń bọ̀, wọ́n ń ti àwọn ọ̀nà náà pa, ẹ má sì bá wọn jiyàn: ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 2011, omi àti ẹrẹ̀ ya láti orí òkè wọ òpópónà Vernazza, ó bo àwọn ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, èèyàn mẹ́ta sì kú níbẹ̀. Físà Britain tí òbí yín fi wọlé kò tó wọn wọ Itálì, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ti Schengen.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, èèyàn lè rí i kà níbòmíràn. Ti àtẹ̀gùn ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Bí òbí yín kò bá lè gun òkè, ẹ wọ̀ sí Monterosso, òun ni ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ jù, tó sì ní iyanrìn etíkun tó gbòòrò. Láàárín Riomaggiore àti Manarola, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etíkun tí wọ́n ń pè ní Via dell'Amore, tí àpáta ya lù ní 2012, ti ṣí padà ní 2024, ó tẹ́, kò gùn, ẹ kàn gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Màámi ní tiwọn ti ń dárúkọ Soviore. Mo ti sọ fún wọn pé takisí ni yóò gbé wa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní àwọn yóò rò ó.