Ẹ ka wákàtí, ẹ ka agbára, kí ọdún tó yí

Ìyá ọlọ́jà tó bá fẹ́ mọ èrè ọdún kì í kàn jókòó máa rò ó lọ́kàn. Á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á ka ọjà tó kù lórí pẹpẹ, á ka gbèsè tó wà níta, á wá fi wé owó tó fi bẹ̀rẹ̀. Àwa ò kì í ka nǹkan kan. Alẹ́ ìsọdá ọdún la máa ń tò ogún ìpinnu sílẹ̀, tó bá fi máa di oṣù Kejì, a ò rántí márùn-ún nínú wọn mọ́.

Wákàtí méjì péré ni kíkà yìí ń gbà. Ẹ wá àyè fún un láàárín ọjọ́ 27 sí 30, nígbà tí àlejò Kérésì bá ti lọ. Ìwé ọmọ iléèwé kan, bíírò dúdú kan, pupa kan, àti fóònù yín. Fóònù ló ṣe kókó jù, torí bí a bá fi ti ọpọlọ nìkan, ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kẹwàá la ó rántí, a ó sì pè é ní ọdún. Ẹ wo àwòrán inú rẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní, ẹ wo àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde ní báńkì. Oṣù kan, ojú ìwé kan. Dúdú fún ohun tí ẹ ṣe, pupa fún ohun tó gba agbára yín tí kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ló jẹ òun lógún, tí owó aṣọ ẹbí rẹ̀ wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ìwé, báńkì ti dá a lóhùn.

Ó kan wákàtí. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168, ti olówó, ti tálákà. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Oorun wákàtí 7 lóru kan kó 49 lọ, kó má sì dín in kù. Iṣẹ́ kó 40. Ojú ọ̀nà, wákàtí 4 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, kó 20. Oúnjẹ, ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀, bíi 17 àbọ̀. Ilé ìjọsìn, ẹbí àti òde Sátidé, 10. Fóònù, wákàtí 3 lójúmọ́, 21. (Ẹni tó bá ń jiyàn lórí ti fóònù, fóònù fúnra rẹ̀ ń ṣírò rẹ̀ lójoojúmọ́; kó lọ wò ó.) Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 157 àbọ̀. Wákàtí 10 àbọ̀ ló kù, inú rẹ̀ sì ni gbogbo ìpinnu ogún yẹn fẹ́ gbé.

Wákàtí lọ́tọ̀, agbára lọ́tọ̀. Wákàtí kan ní aago 6 àárọ̀ àti wákàtí kan ní aago 9 alẹ́ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ Kérésì o, ẹ fún agbára yín ní máàkì 1 sí 5, ní wákàtí méjì-méjì, fún ọjọ́ 7. Ọ̀pọ̀ yóò rí i pé máàkì já wálẹ̀ láàárín aago 1 sí 3 ọ̀sán. Ẹ̀bà nìkan kọ́ ló fà á. Bí ara ṣe ń ka àsìkò tirẹ̀ nìyẹn, kódà fún ẹni tí kò jẹun. Ẹni tó bá wá fi obì tàbí kọfí lé e ní aago 4 ti jẹ gbèsè: caffeine tó wà nínú méjèèjì máa ń tó bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ní aago 9 alẹ́, ìdajì obì yẹn ò tíì sùn. Máàkì àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa san án.

Ní ti ohun tí a fẹ́ fi ayé ṣe, ẹ má bi ara yín ní ìbéèrè ńlá, kì í lésì. Ẹ padà sí ojú ìwé méjèèjìlá tẹ́ ẹ kọ yẹn. Kí lẹ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán láìsí ẹni tó rán yín? Kí làwọn èèyàn ń torí ẹ̀ wá yín? Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni kẹ́ ẹ dúró sí. Bó bá jẹ́ aṣọ rírán, ẹ kọ gbólóhùn tó ní ọjọ́ àti iye: “Kí oṣù Kẹta tó parí, màá ti rán bùbá 6 tó ṣeé wọ lọ sóde.” “Mo fẹ́ já fáfá nínú aṣọ rírán” kò tó, kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀ pé ó ti ṣẹ.

Nínú 10 àbọ̀ yẹn, ẹ má ná ju 6 lọ: wákàtí 2, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12, ó di 72. Mẹ́rin àbọ̀ tó kù ni èènì. Òun ni iná tí wọ́n mú lọ, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ máa jẹ. Ẹni tó pín gbogbo rẹ̀ tán, tí iná bá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ètò rẹ̀ ti dojú dé nìyẹn, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Rú. Aṣọ gígé, tó gba ọpọlọ, ẹ fi sí wákàtí onímáàkì 4 tàbí 5, bóyá àárọ̀ Sátidé. Etí aṣọ kíká lè dúró di alẹ́. Ẹ má sì ka ìjókòó inú dánfó mọ́ wákàtí ẹ̀kọ́.

Òde ló máa ṣòro jù láti dín kù. Ẹ mú méjì lóṣù. Fún ìyókù, ẹ tètè sọ̀rọ̀ kí owó aṣọ ẹbí tó kúrò lọ́wọ́: “Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní lè débẹ̀, àmọ́ màá fi nǹkan ránṣẹ́.” Kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ẹni tí kò wá tí kò tún rán nǹkan ni wọ́n ń bínú sí.

Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó yẹ kẹ́ ẹ ránṣọ, ẹ̀ báà rán an, ẹ ò báà rán an, ẹ kọ máàkì agbára ọjọ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, ẹ ṣí ìwé náà. Wákàtí 50 nínú 72 dára gan-an, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá tó 36, ẹ má fi wákàtí kún un. Ẹ wo máàkì àwọn ọjọ́ tí ẹ kò ṣe é. Bí púpọ̀ wọn bá jẹ́ 1 àti 2, ẹ yí ọjọ́ padà. Bó bá jẹ́ 4, tẹ́ ẹ sì tún ń sá fún ẹ̀rọ ìránṣọ, a jẹ́ pé bùbá kọ́ nìyẹn. Ẹ padà sí ojú ìwé méjèèjìlá.