Ṣásí nọ́ńbà bàálù

Ogún ọdún ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Àgbádárìgì. Bí tòkunbọ̀ bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, n kì í wo pílétì rẹ̀, ṣásí nọ́ńbà, ìyẹn nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sára rẹ̀, ni mò ń wá. Àfi bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ṣe fi àwòrán bàálù kékeré kan, Cessna 172, hàn mí.

"Bọ̀ọ̀dá, 5N ara rẹ̀ yìí, Nàìjíríà nìyẹn."

Lẹ́tà N ni ti Amẹ́ríkà, TY ni ti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tá a jọ pààlà. Bí wọ́n bá tà á sí orílẹ̀-èdè mìíràn, lẹ́tà á yí padà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fún un kì í yí. Òun ni wọ́n fi ń tọpa jàǹbá tó bá ti ṣe. Ẹ̀rín pa mí: ṣásí nọ́ńbà náà ni!

1955 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ fò. Wọ́n ti ṣe ju 40,000 lọ. Kábúrétọ̀ àwọn tó ti pẹ́, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, ló yà mí lẹ́nu. Yìnyín lè dí i lókè, kódà lọ́jọ́ tí ooru mú, bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Awakọ̀ ní ohun kan tó ń fà kí atẹ́gùn gbígbóná lè wọ inú rẹ̀. Kábúrétọ̀ tí mò ń fi pẹtiróòlù fọ̀ lójoojúmọ́! N ò ní bá wọn gun ún o, ṣùgbọ́n mo ti ní kó mú ìwé ẹ́ńjìnnì yẹn wá.