Kìnnìún ò sí ní ọ́fíìsì wa

Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun wà ní Switzerland, ọmọ náà àtàwọn òyìnbó ni wọ́n jọ ń tọ́jú kìnnìún. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi. Kìnnìún kankan ò sí ní ọ́fíìsì wa o, àfi èyí tó wà nínú fọ́tò lára ògiri. Láíbìrì ni mo wà. Láíbérìán ni mí ní àjọ àgbáyé kan tó ń rí sí ààbò ẹranko, igbó àti omi, ní etí adágún Geneva níbí, agbègbè tí IUCN àti WWF, àwọn àjọ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn káàkiri ayé, fi ṣe ibùjókòó. Orúkọ ibi iṣẹ́ mi gan-an, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn pamọ́, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tèmi ni, wọn ò rán mi.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé àwọn èèyàn ṣì ń wá sí láíbìrì láyé Google yìí. Wọ́n ń wá, àmọ́ ímeèlì ló pọ̀ jù. Ẹnì kan wà ní yunifásítì ní Áfíríkà, ó ń wá ripọ́ọ̀tù kan tí wọ́n kọ lórí igbó kan láyé àwọn bàbá ẹ̀, ó rí orúkọ ripọ́ọ̀tù náà lẹ́yìn ìwé ẹlòmíì, àmọ́ ìwé gan-an, kò rí i níbì kankan, ó ti wá a dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì parí sí. Irú nǹkan tó kún ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Onímọ̀ kan wọ igbó lọ ka erin, ó fi táípúráítà tẹ èsì ẹ̀, wọ́n ṣe ẹ̀dà díẹ̀, wọ́n pín in fún àwọn tọ́rọ̀ kàn, ó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tà á rí, ó lè máà sí nínú jọ́nà kankan, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí wọn jáde, tí ẹ̀dà díẹ̀ yẹn bá sì ti sọnù, bíi kí bàbá yẹn má wọ igbó rárá ni.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Red Data Book. Red List tí gbogbo ayé ń lò lónìí láti mọ ẹranko tó ń kú tán, 1964 ni IUCN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tó sì di 1966 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Red Data Book jáde, àmọ́ kì í ṣe ìwé tí wọ́n rán pọ̀ o, fáìlì onírin ni, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko yẹn sórí ewé pépà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pépà pink wà fún àwọn tó wà nínú ewu gidi, green wà fún àwọn tó ti bọ́ nínú ewu. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyẹn ni pé tí ọ̀rọ̀ ẹranko kan bá yí padà, wọ́n á fi ewé tuntun ránṣẹ́ sí ẹ, wàá yọ ti àtijọ́ dànù, wàá fi tuntun sí àyè ẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, mi ò lè bú wọn. Àmọ́ ẹ wò ó o, láíbìrì tó bá ṣe nǹkan tí wọ́n ní kó ṣe, tó yọ ewé àtijọ́ bó ṣe yẹ, ti ju ìtàn sínú pàǹtí nìyẹn, láíbìrì tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ bá wá ya ọ̀lẹ, tó kàn ń to tuntun lé ti àtijọ́ lórí láì yọ nǹkan kan, òun ló ní ìṣúra lónìí. Ọlọ́run bá mi bù kún gbogbo àwọn ọ̀lẹ yẹn.

Kí ni mo fẹ́ fi ewé àtijọ́ ṣe? Ẹ jẹ́ n fi igún dáhùn. Igún tiwa yìí, èyí tí òyìnbó ń pè ní hooded vulture, títí di 2011 wọ́n kọ ọ́ sí Red List pé kò séwu. 2011 yẹn ni wọ́n gbé e sókè sí ẹgbẹ́ àwọn tó wà nínú ewu, nígbà tó sì di 2015 ó ti wọ Critically Endangered, ìyẹn àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn kí ẹyẹ tán nínú igbó. Ẹni tó bá wo tòní nìkan, á rò pé ẹyẹ tó ti ṣọ̀wọ́n látilẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n bí nílùú ńlá lẹ́yìn 2010 lè máà rí igún lójú rí, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, torí kò mọ̀ pé ó ti fìgbà kan kún orí àkìtàn àti ilé ìpẹran. A sì ń pa á lówe lójoojúmọ́ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, kẹ́ ẹ wá lọ wo ìsọ̀ àwọn tó ń ta èròjà oògùn. Daniel Pauly, onímọ̀ nípa ẹja, kọ ọ́ ní 1995 pé iye ẹja tí àwọn onímọ̀ bá bá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbà pé ó tọ́ kó wà, àwọn tó tẹ̀lé wọn á bá èyí tó kéré sí i, àwọn náà á ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè já irọ́ yẹn ni pé kí ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, kí ẹlòmíì sì má jù ú nù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀ tó ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí. IUCN yìí, wọ́n dá a sílẹ̀ ní Fontainebleau, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1948, IUPN ló ń jẹ́ nígbà yẹn. 1956 ó di IUCN, 1990 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní World Conservation Union, 2008 wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, tó bá sì jẹ́ èdè Faransé tàbí Spanish ni, UICN ni wọ́n á kọ. WWF náà yí orúkọ padà ní 1986, àmọ́ ti Amẹ́ríkà àti Kánádà ní àwọn ò yí tàwọn. Iṣẹ́ mi ni kí n so gbogbo ẹ̀ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá wá ọ̀kan lè rí ìyókù. Ẹranko gan-an ń yí orúkọ! Ní 2021 Red List pín erin Áfíríkà sí méjì, ti inú igbó kìjikìji lọ́tọ̀, ti ọ̀dàn lọ́tọ̀, ó wá ku ọwọ́ èmi tí mo ní àìmọye ripọ́ọ̀tù àtijọ́ tí wọ́n kọ "African elephant" sí lára, tí mo ní láti wo máàpù kí n tó mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Inú mi máa ń dùn ṣá tí mo bá pàdé Ibadan malimbe nínú katalọ́ọ̀gù, ìbátan ẹ̀gà ni, ó dúdú, orí ẹ̀ dé àyà pupa, kò sí níbòmíì láyé àfi gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, Elgood tó wà ní University College Ibadan nígbà yẹn ló fún un lórúkọ ní 1958. Mo máa ń fi han àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ṣé ìlú ẹ nìyẹn, mo máa ń gbéraga díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ká kàn sikáànù gbogbo ẹ̀ ká sì da pépà nù, ẹ rọra o. À ń sikáànù, ọ̀pọ̀ ìwé IUCN wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Àmọ́ ìwé 1950 ṣì ṣeé kà, ojú lásán lo máa fi kà á. CD àti dísíkì tí wọ́n fi pamọ́ ní 1990 síwájú ńkọ́? Òmíì ò ṣí mọ́, òmíì ṣí, kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Wẹ́bsáìtì pùrójẹ́ẹ̀tì ló tún burú jù, tí owó bá ti tán báyìí, òun náà ti kú nìyẹn pẹ̀lú gbogbo ripọ́ọ̀tù tó wà lórí ẹ̀. Síbẹ̀ tí owó bá wọ́n ní irú àwọn àjọ báyìí, láíbìrì ni ojú wọn kọ́kọ́ máa ń lọ, wọ́n á ní yàrá yẹn máa dáa fún mítíìn.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Tí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín bá ṣiṣẹ́ fọ́rẹ́sìtì rí, bóyá ní Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbi tí erin ṣì wà títí dòní, tàbí ní Àkúrẹ́, tàbí ibikíbi, ẹ bá mi wo àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Máàpù, ripọ́ọ̀tù, ìwé tí wọ́n fi ń kọ iye igi àti ẹranko tí wọ́n rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o fún alákàrà. Ẹ fi fóònù yà á lójú ewé kọ̀ọ̀kan, lójú ọ̀sán, lẹ́bàá fèrèsé, kẹ́ ẹ sì rí i pé ojú ìwé tó ní ọdún àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, torí èyí tí ò bá ní ọdún, wàhálà gidi ló jẹ́ fún wa. Tẹ́ ẹ bá wà nítòsí Ìbàdàn, Forestry Research Institute wà ní Jẹ́ríkò, ẹ gbé e lọ bá wọn kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà á.