Ikú nínú yàrá ìmúra: ibi tí iṣẹ́ ohun èlò eré dé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Eré náà kò ṣòro sọ: wọ́n bá òkú olórí òṣèré nínú yàrá ìmúra lẹ́yìn ìtàgé, ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì dé, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré sì di ẹni tí a ń fura sí. Àgbàlá ilé Àgùdà ni a ó ti ṣe é, àga tó jìnnà jù sí ìtàgé sì tó mítà 12. Ohunkóhun tí ọlọ́pàá bá pè ní ẹ̀rí, ẹni tó wà lórí àga yẹn gbọ́dọ̀ rí i. Ohun tí kò bá rí, kò sí nínú eré.

Ẹ̀jẹ̀: ó ti jọ

Ìṣápá pupa, bissap tí gbogbo èèyàn ń mu, ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà Ouando. Kò dára fún iṣẹ́ yìí. Pupa rẹ̀ ń dúró nígbà tí omi rẹ̀ bá kan. Tí ọṣẹ dúdú tàbí omi eérú bá ti kàn án, á ṣíwọ̀ pupa, á máa lọ sí àwọ̀ aró. Aṣọ òkú tí a bá fọ̀ lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́ á wá ní àbàwọ́n tí kò jọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá kankan. Poroporo ọkà bàbà ló tọ́, èyí tí àwọn oníwàgàsì (wàrà dídì) fi ń sè é kó lè pọ́n. Pupa tirẹ̀ ṣú, ó sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ, iná kì í sì í tètè pa á dà.

Poroporo ẹ̀kúnwọ́ méjì, omi mílílítà 500, kánún tí kò ju ẹ̀kún ṣóńṣó ọ̀bẹ lọ. Kánún ló ń fa àwọ̀ jáde, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á korò, òṣèré tó yẹ kó jẹ́ kó ṣàn lẹ́nu á tu ú dànù lójú èrò. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 20, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ wọn mílílítà 250 nínú omi náà, ẹ da ṣúgà gíráàmù 500 sí i, ẹ gbé e padà sórí iná títí yóò fi máa fà lára ṣíbí. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi omi díẹ̀ po kòkó lílọ̀ ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan kó má ṣe kókó, kí ẹ tó rò ó mọ́ ọn. Kòkó ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Láìsí i, bí oògùn ikọ́ ọmọdé ló ń rí.

Ẹ má fi ojú ọ̀sán dán an wò kí ẹ ní ó ti tó. Òru ni ìran ikú, iná búlúù la sì fi ń ṣe òru. Lábẹ́ iná búlúù, pupa a máa di dúdú. Kí iná kékeré kan tó funfun tàbí tó pọ́n bí iná àbẹ́là bọ́ sí àyà òkú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrò á rò pé epo mọ́tò ló dà sí i lára.

Ẹ̀jẹ̀ tó ki máa ń pẹ́. Èyí tí a bá fi omi là kó lè ṣàn a máa hó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èèrà kì í jẹ́ kó sinmi, nítorí náà inú abọ́ omi ni ìgò rẹ̀ ń dúró sí. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ó ń yọ̀ nígbà tó tutù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà tó bá gbẹ. Ẹní rọ́bà tí a kùn bí ilẹ̀ ni a tẹ́ síbi tí òkú ń ṣubú sí. Poroporo kì í jáde lára òwú, nítorí náà aṣọ tí a kò fẹ́ lò mọ́ ni òkú ń wọ̀.

Àpò ẹ̀jẹ̀: ọ̀rá omi pure nípọn jù, kì í bẹ́ lásìkò. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà dára, mílílítà 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó so ó. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó dún, òun náà ló ń fọ́n ẹ̀jẹ̀ sí aṣọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Tó bá kún dẹ́ndẹ́n, ìdìmọ́ra tó ṣáájú ikú á ti fọ́ ọ.

Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ń wọ inú èèkù la fi sílẹ̀ pátápátá. Iyanrìn tàbí ẹ̀jẹ̀ oníṣúgà yìí kan náà ló ń wọ inú ihò sípíríǹgì, ojú ọ̀bẹ á wá há síta níbi tó yẹ kó wọlé. Méjì la ń lò dípò rẹ̀. Ti irin, tí a ti fi fáìlì pa ẹnu àti ṣóńṣó rẹ̀, ló ń wà lórí tábìlì. Ọlọ́pàá ni yóò gbé e. Ti rọ́bà ni apànìyàn ń mú dání: rọ́bà àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà méjì tó nípọn mílímítà 4, gígùn sẹ̀ńtímítà 18, ọparun pẹlẹbẹ láàárín wọn tó dúró ní sẹ̀ńtímítà 5 kó tó dé ṣóńṣó. Gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kí ojú méjèèjì sì ti gbẹ débi tí kò lẹ̀ mọ́ ìka kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n mọ́ra.

Ọ̀dà fàdákà máa ń sán lára rọ́bà tó ń tẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tí a fi omi là ní ìdajì-ìdajì la ń kọ́kọ́ kùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó máa gbẹ láàárín.

Bó ti wù kí rọ́bà rọ̀ tó, ọwọ́ kì í lọ sí àyà ẹnikẹ́ni. Àárín apá àti ìhà ni, ní ẹ̀gbẹ́ tí èrò kò lè rí.

Ìtẹ̀ka, àti ìwé eré tí a tún ṣe

Ìwé eré ní kí ọlọ́pàá rí ìtẹ̀ka lára aṣọ òfì olóògbé. Ìyẹ̀fun kì í mú irú rẹ̀ jáde lára aṣọ híhun. Ohun tó ń dán ló ń gbà á. A ti gbé e sára ìgò. Ẹ fi òrí kékeré pa ìka, ẹ nù ún mọ́ aṣọ, kí ẹ tó di ìgò mú: òrí tó bá pọ̀ á kún àárín àwọn ìlà ìka, á sì di àbàwọ́n lásán. Èédú tí a lọ̀ kúnná, tí a fi aṣọ jọ̀, ni a ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọ̀n sí i. Ẹ sá èédú náà kó gbẹ, torí ọ̀rinrin etí ọ̀sà yìí a máa jẹ́ kó dì. Téèpù ni a fi ń ká a sórí páálí funfun. Èyí tí èrò yóò rí ni àwòrán ìka náà tí a yà sórí páálí sẹ̀ńtímítà 60 ní 80.

Ẹfun tí wọ́n fi ń ya òkú sílẹ̀ nínú fíìmù ti kúrò. Nọ́ńbà ẹ̀rí la fi rọ́pò rẹ̀, páálí ofeefee tí a ṣẹ́ sí méjì, iyanrìn nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ kí fáànù má bàa gbé e lọ.

Ìran kan pẹ̀lú ti kúrò, èyí tí ọlọ́pàá àti jandáámù, ọlọ́pàá ológun, ti ń jà lórí ẹni tó ni òkú. Láti 2018 ni wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ di Police républicaine. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá pé òun yóò ti afurasí mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè dúró: òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní wákàtí 48, àfi tí adájọ́ bá fi kún un, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Ìyẹn tilẹ̀ mú eré yá, aago ti wọ ọ̀rọ̀. Aṣọ ojoojúmọ́ ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà wọ̀, kò sí ẹni tó nílò yunifọ́ọ̀mù. Ẹnìkan dábàá kí Zangbétò jẹ́ ẹlẹ́rìí, nítorí òun ni òrìṣà ọlọ́dẹ òru nílùú yìí. A kò gbà. Kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré.

Dígí: ó kù

Dígí gidi ń da iná sójú èrò, ó sì ń fi àwọn tó wà lẹ́yìn aṣọ hàn. Férémù òfìfo la ń ṣe, sẹ̀ńtímítà 60 ní 90, òṣèré á kọjú sí èrò láàárín rẹ̀ bí ẹni ń wo ara rẹ̀. Gílóòbù LED wáàtì 3 ni yóò yí i ká, 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 2 lókè, gbogbo rẹ̀ kọjú sí òṣèré. Ẹ̀ka tirẹ̀ ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní láti ara wáyà ńlá. Tí iná bá ń ti inú ọ̀kan kọjá sí èkejì, wọn ò ní tàn dáadáa, tí ọ̀kan bá sì kú, gbogbo wọn kú. A ti gé pákó. Wáyà kò tíì wọlé, òṣèré sì ṣì ń fi orí lé tábìlì nígbà tó bá kú, níbi tí férémù ti bo ojú rẹ̀. Apá ọ̀tún ló yẹ kó ṣubú sí.