Àdìrẹ Pokémon: àbẹ́là ń sán, ètò ti yí

Mo ń fi àdìrẹ ṣe tábìlì ìjà Pokémon, eré orí ẹ̀rọ tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti ní irú kan tàbí méjì (Iná, Omi, Ewé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ): tábìlì náà ń sọ bí ìkọlù irú kan ṣe ń ràn lára irú mìíràn. Aṣọ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú aró, èékánná mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìlà fífà, fóòmù gígé àti àmì irú kọ̀ọ̀kan létí aṣọ ti parí, ẹ ti rí wọn tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó bá gbàgbé: ilé 18 ní ìbú, 18 ní òòró, íǹṣì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọlù wà lápá òsì, ẹni tí wọ́n ń kọlù wà lókè. Ilé 324 lápapọ̀.

Àwọ̀ ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Ètò mi ni pé kí oríṣi aró mẹ́rin dúró fún agbára mẹ́rin: funfun fún ìkọlù tí kò ràn rárá, búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún èyí tó dín sí ìdajì, búlúù àárín fún èyí tó ṣe déédéé, dúdú fún èyí tó di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ gbẹ tán, ìdajì àti déédéé jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé. Nínú oòrùn èèyàn ṣì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bóyá Iná ń dín kù lára Dragon tàbí kò dín.

Èyí tó burú jù ni sísán. Kí búlúù àárín tó lè dúró, àfi kí n fi àbẹ́là bo gbogbo ilé déédéé kí n tó rì í sínú aró ìkẹyìn, 204 sì ni wọ́n. Aṣọ á gan bíi pátákó. Bí mo bá ká a kó lè wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ á sán, aró á sì gba ojú sísán náà wọlé. Lára aṣọ tí a fẹ́ fi rán bùbá, sísán yẹn lẹ́wà, àwọn oníbàárà tiẹ̀ ń béèrè fún un. Lórí tábìlì ìjà, irọ́ ló ń pa. Ẹ wo ilé tí Dragon ti kọjú sí Fairy. Funfun báláú ló yẹ kó jẹ́, nítorí Dragon kò ràn án rárá. Ìṣàn aró tín-ín-rín mẹ́ta gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kan tiẹ̀ ya ẹ̀ka lápá ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rò pé ìdajì ni, á lọ fi Outrage, ìkọlù irú Dragon, kọlu Gardevoir tó ní irú Fairy, á sì fi àǹfààní rẹ̀ ṣòfò.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó ń ṣe aláàbẹ́là ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀yìn tojú.

“Àbẹ́là nìkan lo fi ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìda oyin ńkọ́? Po ìda mọ́ ọn, á rọ̀. Kó o sì yé ká aṣọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọpọ́n tó fẹ̀ ni kó o wá.”

Wọ́n wá béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní eré ìjà ni, mà: omi ń pa iná, iná ń jó ewé, ewé ń borí omi. Wọ́n ní ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ kò tíì dáko létí odò Ògùn rí.

Ẹ jẹ́ n ya bàrá díẹ̀. Haidirósì, kẹ́míkà tó ń jí aró, tí mo rà kẹ́yìn ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Wọ́n ṣí ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ, ọ̀rinrin sì ti wọ̀ ọ́. Bí aró bá jí dáadáa, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n bí ẹni pé ó fẹ́ di àwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ á máa dán bíi bàbà. Tèmi dúró ní búlúù lásán. Èyí tí wọ́n so ẹnu rẹ̀ le ni kẹ́ ẹ máa rà, kódà bó wọ́n díẹ̀.

Ibi tí mo ti ń họ àbẹ́là kúrò ni ọ̀nà mìíràn ti là. Kí ló dé tí mo ń bo ilé 204? Kí wọ́n gba aró dé ìdí, kí déédéé jẹ́ dúdú ìpìlẹ̀ aṣọ. Ìlọ́po méjì, ilé 51, á wá di funfun, nítorí òun ni ojú ń wá. Èyí tí kò ràn, mẹ́jọ péré, á jẹ́ funfun tí a gé ìlà méjì dúdú kọjá nínú rẹ̀. Ìdajì, 61, á jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ilé 120 péré ni àbẹ́là máa kàn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni aṣọ máa wọ aró. Mo ti dán an wò lórí àkísà, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere.

Òòró Irin ló dùn ún wò jù. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́wàá, Májèlé tí a gé ìlà sí, funfun mẹ́ta péré: Iná, Ìjà, Ilẹ̀. Ṣáájú 2013, Ghost àti Òkùnkùn náà ń dín kù lára rẹ̀. Ọdún yẹn ni Pokémon X àti Y gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì mú Fairy wọlé kí Dragon lè rí ẹni dá a dúró. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1996, nígbà tí irú 15 péré wà, Psychic ń jẹgàba, Ghost kò sì ràn án rárá nínú eré àkọ́kọ́ yẹn. Ó di 1999 kí Òkùnkùn àti Irin tó dé.

Ìdí tí mo fi yan aṣọ dípò káàdì ni pé aṣọ ṣe é ṣẹ́. Bí Gyarados, tó jẹ́ Omi àti Ìfò, bá dúró níwájú rẹ, ṣẹ́ aṣọ kí òòró Omi kan òòró Ìfò. Ní ẹsẹ̀ Mànàmáná, funfun kan funfun: ìlọ́po mẹ́rin. Ní ẹsẹ̀ Ewé, funfun kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ní ẹsẹ̀ Ilẹ̀, ìlà dúdú wà lára Ìfò, ọ̀rọ̀ ti parí, ohun yòówù kí ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́. Àbúrò mi ṣẹ́ Kòkòrò kan Irin fún Scizor, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ sókè sódò, Iná nìkan ló rí. Ó wá ní, “Bùrọ̀dá, Rotom-Wash tó jẹ́ Mànàmáná àti Omi ńkọ́? Ilẹ̀ kì í ràn án.”

Òótọ́ ni, Levitate, ẹ̀bùn tó ń mú un léfòó, ló ń gbà á, tábìlì kò sì lè fi ìyẹn hàn. Mo ti rò ó bóyá kí n rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ibì kan, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kò ní jẹ́ kí aṣọ ṣe é ṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ń bá Rotom jà kó fi sórí.

Ìda ni mo ń wá báyìí. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń tà á ní Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá, ẹ fi tó mi létí kí n tó po aró ní Sátidé.