Ẹ fojú rí ẹ̀dà ìpamọ́ yín kí ẹ tó gba Android tuntun

Android 16, ètò tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́, jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn fóònù tirẹ̀ ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà tí ìfitónilétí rẹ̀ bá yọ lójú fóònù, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ rò ni bóyá dátà wa yóò tó. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: bí fóònù yìí kò bá tan mọ́ lálẹ́ òní, kí ni yóò bá a lọ tí kò sí níbòmíràn?

Èmi ni mo ń tọ́jú fóònù ìyá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Inú WhatsApp wọn ni àkọsílẹ̀ gbèsè wà: ẹni tó gbé léèsì lọ, iye tó san sílẹ̀ àti iye tó kù. Ibẹ̀ náà ni ohùn bàbá àgbà wà, tí wọ́n ń ki àwọn ọmọ ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó papò dà. Mi ò lè fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí n kàn tẹ bọ́tìnnì.

Òótọ́ ni pé ìmúdójúìwọ̀n kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Láti orí Android 7.0, tó jáde ní ọdún 2016, ni ó ti ṣeé ṣe kí fóònù gbé ètò tuntun sí apá kejì nínú ara rẹ̀ nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, tó fi jẹ́ pé bí tuntun bá kọ̀ láti gbéra, fóònù lè padà sí ti àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù ni wọ́n ṣe báyìí. Bí nǹkan bá sì yíwọ́, ohun tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe sábà máa ń dábàá ni pé kí àwọn fláàṣì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ètò rẹ̀ gbé sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó lè nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ó máa ń rí fún ẹni tó bá fẹ́ padà sí Android àtijọ́ nítorí pé tuntun kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

WhatsApp ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Chats, kí ẹ sì tẹ Chat backup. Ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣe ẹ̀dà kẹ́yìn wà níbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sì wò. Lórí fóònù ìyá mi, ètò ẹ̀dà ojoojúmọ́ wà ní títàn, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ìṣòro wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá níbẹ̀ ti pẹ́ gan-an. Fídíò tí àwọn ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ ìjọ ń fi ránṣẹ́ kiri ti kún àyè ìpamọ́ wọn lórí Google, níbi tí ẹ̀dà náà ń lọ. 15 GB ni ọ̀fẹ́ tí Google ń fún akáǹtì kọ̀ọ̀kan, Gmail, Drive, àwòrán inú Google Photos àti ẹ̀dà WhatsApp ló sì jọ ń pín in. Nígbà kan rí, ẹ̀dà WhatsApp kì í jẹ nínú àyè yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi fura nígbà tí ìyípadà náà dé lọ́dún 2024. Bí àyè bá ti kún, ẹ̀dà ṣíṣe yóò dúró. Mo pa àwọn fídíò náà rẹ́, mo sì tún tẹ Back up títí ọjọ́ ibẹ̀ fi di ti òní.

Mi ò dúró síbẹ̀. WhatsApp tún máa ń ṣe ẹ̀dà mìíràn sínú fóònù fúnra rẹ̀ lóru, nínú fódà Databases, lábẹ́ Android, media, com.whatsapp àti WhatsApp. Ẹ̀dà tó wà nínú fóònù kò lè gba fóònù náà sílẹ̀, nítorí náà mo fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì da fódà WhatsApp náà kọ lódindi. Ohùn bàbá àgbà wà nínú WhatsApp Voice Notes, ó jẹ́ fáìlì ohùn irú opus tí áàpù VLC lè kà. Mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì gbọ́ wọn parí. Orúkọ tí WhatsApp ń fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò ju PTT, ọjọ́ àti nọ́ńbà lọ, nítorí náà mo fi orúkọ ẹni tí wọ́n kì sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti fi ìdáàbòbò end-to-end, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lè kà á, sórí ẹ̀dà tiyín, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tàbí kọ́kọ́rọ́ onílẹ́tà àti nọ́ńbà 64 rẹ̀ jáde, torí pé WhatsApp gan-an kò lè ṣí i fún yín bí ó bá sọnù.

Ní ti àwòrán, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà fún Android tuntun, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Bí ẹ bá pa àwòrán rẹ́ nínú Google Photos, kì í ṣe orí fóònù nìkan ni yóò ti kúrò. Yóò kúrò nínú akáǹtì pẹ̀lú, yóò wà nínú Trash fún ọjọ́ 60, lẹ́yìn náà ó ti lọ nìyẹn. Free up space ni kí ẹ lò, èyí tó ń yọ ti orí fóònù nìkan lẹ́yìn tí ẹ̀dà bá ti wà nínú akáǹtì Google yín. Ẹ má sì gbọ́kàn lé mẹ́mọ́rì káàdì tí ẹ ti sọ di ara àyè inú fóònù: fóònù yẹn nìkan ló lè ka káàdì náà, bí wọ́n bá sì nu fóònù, ohun tó wà lórí káàdì kò ní ṣeé kà mọ́.

Nọ́ńbà àwọn èèyàn rọrùn: ẹ wo contacts.google.com lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá orúkọ àwọn oníbàárà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Èyí tí ẹ kò bá rí níbẹ̀ wà lórí síìmù tàbí inú fóònù nìkan.

Àwọn tó ń lo iPhone ní 5 GB ọ̀fẹ́ lórí iCloud, àyè ìpamọ́ Apple lórí ayélujára, èyí tí kì í pẹ́ kún. Ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà ni mo fara mọ́ fún wọn, kí wọ́n sì yan èyí tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, torí pé òun ló ń kó àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ti fi pamọ́ mọ́ra.

Ó ku bí ẹ ó ṣe wọlé padà. Bí wọ́n bá nu fóònù Android, ó lè béèrè akáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó gbà yín láàyè, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn lónìí. Fún ẹni tó bá ti tan ìfìdímúlẹ̀ onígbésẹ̀ méjì, Google máa ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá tí a lè fi wọlé bí fóònù kò bá sí lọ́wọ́. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà sílé. Áàpù báńkì sábà máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí ẹ fi sílẹ̀ ní báńkì, torí náà ẹ rí i dájú pé síìmù náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ó kù kí iná wà tàbí kí bátìrì kún, kí ẹ sì lo Wi-Fi tó dúró. Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe ààbò lásán, mo máa ń gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti Android tuntun ni mo máa ń fún ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí àwọn àléébù àkọ́kọ́ lè yọjú. A kì í sì í ṣe é ní ọjọ́ tí ìyá mi máa lọ sọ́jà. Nígbà tó bá parí, wọ́n á ṣí áàpù báńkì, wọ́n á wá àkọsílẹ̀ gbèsè kan tó ti pẹ́, wọ́n á sì pe oníbàárà kan. Ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀, mi ò pa á rẹ́.